Ẹ Má Yìn Mí Lójú Wúwú

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo jókòó sí. Mo jókòó sídìí tábìlì kan nínú ilé onípákó tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Ẹsẹ̀ kan tábìlì náà kúrú, wọ́n ká ìwé kan sábẹ́ rẹ̀ kó má baà máa mì. Ìwé àjákọ mi wà níwájú mi, abọ́ tánganran kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú abọ́ yìí ni wúwú kan dùbúlẹ̀ sí, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sábẹ́ ikùn. Ìyá Orí Òkè, ẹni tó ń bójú tó ibí láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ló ní kí n máa ka gbogbo ohun tí mo bá ń kọ sókè ketekete. Ó ní bí wúwú bá ti ń kún abọ́, kí n yáa padà lọ wo ohun tí mo kọ, nítorí a jẹ́ pé mo ti tún bẹ̀rẹ̀ ìṣe mi nìyẹn.

Ẹni tí kò bá rí wúwú rí, kó fojú inú wo ọmọ ológbò tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà àti etí gbàgàdà-gbagada, tí irun rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Kì í pariwo. Kì í bu ni jẹ, àfi bí ara bá ń ni ín. Ọ̀rọ̀ ìyìn nìkan ni ìyọnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ń yin ènìyàn lójú rẹ̀, ì báà ṣe òun tàbí ẹlòmíràn, ńṣe ló máa ń wú, bí ìyìn náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe wú tó. Bí ènìyàn bá wá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ láìfepo-bọyọ̀, á súnkì padà. Gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀ kò jù báyìí lọ. Èmi kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀dá Abàmì, ti ilé àti ti igbó, fún odindi ọdún mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ara mi fún yín bí mo ṣe rí nígbà náà.

Láràárọ̀, bí mọ́tò mi bá dúró níwájú ọ́fíìsì, mi ò ní í fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Awakọ̀ á sáré yí ká wá ṣí i. Igbákejì mi á gba báàgì mi, á gbé e mọ́yà bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan nínú báàgì náà ju awò ojú àti bisikíìtì lọ. A ó wá máa gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè kẹta. Àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò lọ́tùn-ún lósì mọ́ ara ògiri, igbákejì á sì la ohùn:

"Ẹ dìde fún Ọ̀gá! Ọ̀gá tó mọ ẹ̀dá ju bí ẹ̀dá ṣe mọ ara rẹ̀ lọ! Ọ̀gá tí dírágónì gbọ́ orúkọ wọn, tó gbé iná ẹnu rẹ̀ mì! Bí kò bá sí yín, ẹranko ìbá ti jẹ wá tán!"

"Ìbá ti jẹ wá tán!" ni gbogbo wọn á dáhùn.

Èmi á wá juwọ́ díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti sú. "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ṣebí iṣẹ́ ìlú ni mò ń ṣe." Ṣùgbọ́n bí igbákejì bá fo gbólóhùn kan, mo máa ń dúró gbagidi lórí àtẹ̀gùn títí yóò fi rántí rẹ̀.

Ẹ sì wá bi mí, ẹ̀dá abàmì wo gan-an ni mo mọ̀? Mi ò fọwọ́ kan ọ̀kankan rí láyé mi. Ológbò ìyàwó mi pàápàá, bí ó bá jókòó sí pálọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ wa ni láti kọ́ ará ìlú bí wọ́n ṣe lè bá àwọn ẹ̀dá yìí gbé láìséwu. Lọ́jọ́ kan, télọ̀ kan kọ̀wé sí wa. Ó ní aláǹgbá oníná tí òun ń sìn máa ń yọ iná lójú oorun, ó sì ti jó aṣọ oníbàárà mẹ́ta, kí ni kí òun ṣe? Ká ní Ìyá Orí Òkè ni wọ́n bi, gbólóhùn kan ni ì bá fi dá a lóhùn: kó máa fún un lómi tútù mu kó tó sùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi fi pe ìpàdé. Lẹ́yìn ìpàdé, mo fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan pé láti ọjọ́ náà lọ, aláǹgbá oníná kankan kò gbọdọ̀ yọ iná mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Télọ̀ náà sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé òun ka ìwé àṣẹ náà sí aláǹgbá létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó tilẹ̀ mi orí. Nígbà tí òun kà á tán ló jó ìwé náà.

Bí ẹ bá ń rò ó pé báwo ni mo ṣe wá mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ tán ni mo lọ ń bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ní kí wọ́n sọ ọ́ sí mi lójú. Kò sẹ́ni tó kọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ gbé àga fún mi kí ara lè tù mí láti gbọ́ ọ.

Ẹ dákún, ẹ dúró ná. Wúwú gbé etí sókè. Ó jọ pé ó dùn mọ́ mi jù, bí mo ṣe sọ pé mo lọ ń bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé èmi ni mo rò ó. Ìyàwó mi ló lé mi lọ. Ó dáa, ó ti sọ etí sílẹ̀.

Ogójì wúwú ìgbẹ́ ló ń gbé orí òkè yìí. Kò sí àgò, kò sí ọgbà, inú pálapàla òkúta ni wọ́n ń sùn. Ìyá Orí Òkè máa ń fún wọn lóúnjẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń di ọgbẹ́ fún èyí tó bá ṣèṣe, ṣùgbọ́n kì í kí wọn, kì í pè wọ́n ní ọmọ dáadáa, kì í sọ pé irun wọn dára. Àwọn wúwú náà kò ju ọmọ ológbò lọ, nítorí orí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò yin ta ni?

Èmi wá lọ ṣèbẹ̀wò síbẹ̀. Mo wọ kóòtù, mo de táì, mo mú ayàwòrán dání. Mo gun orí òkúta kan kí wọ́n lè rí mi, igbákejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Nígbà tó kì mí tán, èmi náà gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, mo ń sọ gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún ẹ̀dá abàmì láti ọjọ́ tí mo ti gorí àga. Mo rí i tí àwọn wúwú ń tóbi. Wọ́n tó ajá, wọ́n tó ewúrẹ́. Mo yíjú sí ayàwòrán, mo ní, "Ya èyí. Wọ́n ń dìde fún mi." Ibi tí mo ti yíjú náà ni ọ̀kan tí awọ ara rẹ̀ ti fún pinpin ti bọ́ sí mi lẹ́yìn. Mi ò ní í sọ ibi tó ti bù mí jẹ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń jẹun lóòró.

Ìyá Orí Òkè di ọgbẹ́ náà fún mi. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá. Ẹ má bínú sí wọn. Ìyìn yẹn ló pọ̀ jù fún wọn, ara ló ń ni wọ́n. Ká ní ẹ jókòó jẹ́ẹ́ ni, wọn ò ní í tiẹ̀ bojú wò yín."

Bóyá bó bá ti dákẹ́ ṣáájú "bojú wò yín" yẹn, ì bá sàn. Àmọ́ èmi, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, kí ogójì ẹran máa gbé ilé ayé kí wọ́n má bojú wò mí! Ojú tì mí, inú bí mi, ìtìjú àti ìbínú sì kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó dára fún ẹni tó ní bírò lọ́wọ́. Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, mo ní kí wọ́n kọ ìwé pé wúwú ìgbẹ́ léwu fún ìlú. Kí àwọn ọlọ́dẹ lọ fìbọn pa gbogbo ogójì náà, kí wọ́n sì ti ilé onípákó pa, kí Ìyá Orí Òkè lọ sinmi. Ó ku kí n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fọwọ́ sí irú ìwé ńlá bẹ́ẹ̀ níbi tí ènìyàn kò pọ̀. Mo ní ó di ọjọ́ tí a bá ń ṣe ìkójáde ìwé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé mi. Àkọlé rẹ̀ ni Bí A Ṣe Ń Bá Ẹ̀dá Abàmì Gbé Láìséwu, orúkọ mi sì wà níwájú rẹ̀ ní lẹ́tà tó tóbi ju àkọlé lọ. Akọ̀wé mi ló kọ ọ́. Oṣù mẹ́rin ni ọmọbìnrin náà fi ń gun òkè lọ bi Ìyá Orí Òkè ní ìbéèrè, tó ń kọ ọ́, tó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé e wá, mo ṣí i fìrìfìrì, mo rí i pé àwòrán mi kò ju mẹ́sàn-án lọ nínú rẹ̀. Mo ní kó yọ ojú ìwé kan kí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá lè ráyè.

Ó ní, "Ọ̀gá, ojú ìwé wo?"

Mo ní, "Èyíkéyìí." Mo fi ìka mi lé ọ̀kan láìwò ó. Ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa wúwú ni.

Akọ̀wé la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn níwájú mi ti ń to fáìlì ní abẹ́ àtẹ̀gùn láti ọdún méjì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ dáwó jọ, wọ́n ra ẹ̀bùn fún mi. Wúwú ilé ni, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú ife ni wọ́n gbé e sí. Ẹ óò ní ṣebí mo kórìíra wúwú. Rárá o! Ti ìgbẹ́ ni mo kórìíra. Èmi gbà pé ti ìgbẹ́ ni ìpáǹle, ti ilé ni ọmọlúàbí, nítorí pé wọ́n so ríbọ́nì mọ́ ti ilé lọ́rùn. Mo gbé e sórí tábìlì mi. Igbákejì ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń wo Ọ̀gá! Ó ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni ńlá lòun dé." Kí a tó jáde lọ́jọ́ náà, ife ti fọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó kún bàsíà ìfọwọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó tó ewúrẹ́. Igbákejì ń fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sára ògiri láti máa wọn gíga rẹ̀, ó ní kò sí ẹ̀dá kankan nínú ìtàn tó dàgbà kíákíá bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ ìtọ́jú mi ni. Mo gbà á gbọ́. Mo yan Ìgbìmọ̀ Ìdàgbàsókè Wúwú. Mo fi ìwé ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa ṣe ìkíni ti àárọ̀ ní ọ̀sán pẹ̀lú, kí wúwú má baà dá nìkan wà. Nígbà tó tó ọmọ màlúù, mo ní kí káfíńtà wá fẹ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Káfíńtà wo wúwú, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò rí i pé kò ní í dúró síbẹ̀?" Mo ní kó gbájú mọ́ pákó rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo fi ọkọ̀ ńlá gbé wúwú lọ sílé kí ìyàwó mi lè rí ohun tí ọkọ rẹ̀ dá. Ìyàwó mi wò ó láti orí dé ìrù.

Ó ní, "Ta ló ní kó o gbé màlúù wọ pálọ̀ mi?"

Mo ní, "Wúwú ni. Èmi ni mo tọ́ ọ tó fi tó báyìí."

"Ìwọ? Ìwọ tó o gbàgbé ọmọ rẹ sí ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, ìyá ọmọ."

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ìwọ lo gbàgbé ìkejì."

Mo ronú, mo rántí. Mo ní, "Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni." Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, wúwú ti padà tó ewúrẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ilé mi kò dára fún un, pé ìfẹ́ kò sí níbẹ̀, mo sì gbé e sá padà lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé. Igbákejì kí wa káàbọ̀ fún odindi wákàtí kan. Ara wúwú yá, ó tún tó màlúù.

Ká sọ pé adití ni mí, ẹ ó ní kò gbọ́. Mo gbọ́, mo rí i, wọ́n tún fi hàn mí ní pálọ̀ ara mi.

Ọjọ́bọ̀ la mú láti kó ìwé náà jáde. Ọ́fíìsì mi lókè kẹta la ti máa ṣe é, níwájú wúwú. Ibẹ̀ kò gba ènìyàn púpọ̀, nítorí náà àwa mẹ́fà péré la wọlé: èmi, igbákejì, akọ̀wé àti àwọn olórí ẹ̀ka mẹ́ta. Àwọn ará ìlú wà nísàlẹ̀ nínú àgbàlá, a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta fún wọn kí wọ́n lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí a bá ń sọ. Ìyá Orí Òkè wà láàárín wọn. Ó ti wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn nítorí ogójì ẹran rẹ̀, awakọ̀ ni mo rán sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta pé mi ò sí nílé. Àwọn ọlọ́dẹ náà wà nísàlẹ̀, wọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká, wọ́n ń retí kí n fọwọ́ síwèé.

Igbákejì di máìkì mú. Mo rò pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò tíì sí ẹni tí wọ́n kì bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òjò ń bi mí kó tó rọ̀. Ó ní bí wọ́n bá gé mi sí méjì, ìlú mìíràn á sáré wá tọrọ ìdajì. Àwọn olórí ẹ̀ka ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn àga mi, wúwú ń mí fìn-ìn, fìn-ìn, ṣóńṣó etí rẹ̀ ti ń kan àjà. Ikùn rẹ̀ ti tábìlì mi kúrò láàyè rẹ̀, tábìlì sì lọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Inú ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí. Nígbà tí olórí ẹ̀ka kan fi máa rò ó pé kí òun jáde, kò sí ibi tí yóò gbà mọ́.

Mo ní, "Ẹ má mikàn. Mo mọ̀ ọ́n. Tù ú lójú." Igbákejì wá bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú lójú: "Wúwú Ọ̀gá, arẹwà, akọni!" Ó fẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Fèrèsé di. Ògiri ń ké. Àwa mẹ́fà fẹ̀yìn mọ́ ògiri bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, irun funfun wà níwájú wa láti ilẹ̀ dé òkè. Máìkì ṣì wà láàárín èmi àti igbákejì, kò sì sẹ́ni tó pa á. Gbogbo àgbàlá ń gbọ́ bí a ṣe ń mí.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a gbọ́ ohùn Ìyá Orí Òkè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ti gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń mí hẹlẹ.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi nínú? Ẹ má yìn ín mọ́! Ẹ má yin ẹnikẹ́ni! Kí ẹnì kan sọ àṣìṣe Ọ̀gá, kó sọ ọ́ gbangba. Á súnkì."

Mo wo igbákejì. Òógùn bò ó. Ó ní, "Àṣìṣe kan wà tí Ọ̀gá wa ní o. Wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ jù. Wọn kì í sinmi."

Wúwú wú.

Olórí ẹ̀ka kan ní, "Lóòótọ́, Ọ̀gá wa ti ní sùúrù jù fún wa."

Ó tún wú. Àwòrán mi já bọ́ lára ògiri.

"Ìyìn lẹ ń sọ un!" ni Ìyá Orí Òkè ń pariwo. "Ṣé kò sẹ́ni tó mọ òótọ́ kan níbẹ̀ ni?"

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ẹnu wọn, ẹnu ò ṣeé tún kọ́ lójú ẹsẹ̀. Apá òsì mi ni akọ̀wé wà, níbi tí ògiri ti ṣe kọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tó ń gbìyànjú láti mí, tí kò rí i mí. Ìka rẹ̀ ń lu ògiri, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ó dẹwọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rí i pé ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ kú sí ọ́fíìsì mi.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Orí Òkè wí. Kò pè mí ní Ọ̀gá mọ́. "Ìwọ ni kó o sọ ọ́. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo ní, "Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀dá abàmì kankan rí."

Irun náà fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ìka mẹ́ta. Nísàlẹ̀, nínú àgbàlá, mo gbọ́ ẹnì kan tó rẹ́rìn-ín. Máìkì ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá wọn. Bí mo bá dákẹ́, a ó kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìlú á gbọ́. Ẹ ò mọ bí ènìyàn ṣe lè rò ó pẹ́ tó láàárín méjèèjì.

Mo ní, "Ológbò ń bà mí lẹ́rù."

Ẹ̀rín sọ nísàlẹ̀. Wúwú fà sẹ́yìn.

"Akọ̀wé mi ló kọ ìwé náà. Mi ò kà á. Mo yọ ojú ìwé wúwú kúrò kí àwòrán mi lè ráyè." Tábìlì ró gbì, ó kúrò lára ilẹ̀kùn. "Àṣẹ aláǹgbá oníná yẹn, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ nígbà tí mo kọ ọ́." Ẹnì kan kígbe nísàlẹ̀ pé, "A mọ̀!" Mo rò pé télọ̀ ni.

Ó ku ọ̀kan.

"Àwọn wúwú orí òkè kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ mi ló ni wọ́n lára. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n pa wọ́n ni pé wọ́n bù mí jẹ ní ìdí, ojú sì ń tì mí."

Ẹ̀rín tó sọ lẹ́yìn èyí, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn bí mo bá ń fọ abọ́. Wúwú ń súnkì, ó ń súnkì, ó tó màlúù, ó tó ewúrẹ́, ó tó ọmọ ológbò, ó sì jókòó sáàárín ilẹ̀ pẹ̀lú ríbọ́nì rẹ̀, ó ń wò mí. Ìyá Orí Òkè ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó kọ́kọ́ gbé akọ̀wé jókòó, ó ń fẹ́ ẹ, títí èémí rẹ̀ fi padà dáadáa. Ó wá gbé wúwú sínú gèlè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi.

"Ìwé àṣẹ ọlọ́dẹ yẹn ńkọ́?"

Mo gbé e fún un, ibi tí orúkọ mi yẹ kó wà ṣì ṣófo. Ó ká a sí mẹ́rin, ó sì mú un lọ. Òun náà ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì yìí. Àwọn ọlọ́dẹ gbé ìbọn wọn relé.

Wọ́n yọ mí níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Igbákejì ló wà lórí àga náà báyìí. Mo gbọ́ pé òun náà ti ní igbákejì kan, ohùn onítọ̀hún sì dára ju tirẹ̀ lọ. Ìyàwó mi kó aṣọ mi sínú báàgì tí igbákejì máa ń gbé mọ́yà, ó ní, "Lọ bá Ìyá ṣiṣẹ́ lórí òkè. Kí o máa bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Bí o bá ti di ènìyàn, a ó mọ̀." Omi ni mò ń pọn níbí. Mo ń fọ abọ́. Bí àwọn tó ní wúwú nílé bá gbé èyí tó ti wú jù wá, Ìyá Orí Òkè á ní kí n jókòó tì í kí n sọ ìtàn mi, á sì súnkì kí wọ́n tó mu omi tán. Akọ̀wé máa ń wá pẹ̀lú. Ìwé náà ti di tirẹ̀ báyìí, orúkọ rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ní ìtàn yìí ni òun fẹ́ fi sí ojú ìwé tí mo yọ kúrò. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ tán, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò ṣẹ́ ohunkóhun kù, mo sì rò pé kò pọ̀ nínú àwọn tó ti wà nípò ńlá tó lè fi ara wọn ṣẹ̀sín tó báyìí.

Wúwú ti kún abọ́. Ó ti ń ṣàn sórí tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí ìwé àjákọ mi.

Mo pa gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn rẹ́, mo tún un kà láìsí i. Kò súnkì. Mo wá padà lọ sẹ́yìn, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, mò ń kà á sí i létí, mò ń wo abọ́. Ibi tó ti wú ni ibi akọ̀wé àti kọ̀rọ̀ ògiri, níbi tí mo ti kọ ọ́ pé àánú rẹ̀ ṣe mí.

Àánú rẹ̀ kò ṣe mí. Mo gbọ́ tí ìka rẹ̀ ń lu ògiri, mo gbọ́ nígbà tó dẹwọ́, mo sì dákẹ́ nítorí máìkì. Ìgbà tí irun náà dé àyà tèmi, tí èmi náà kò rí èémí mí mọ́, ni mo tó la ẹnu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni akọ̀wé máa wá gba ìwé yìí. Òun ni yóò kà á kí ẹnikẹ́ni tó kà á, mi ò sì mọ ohun tí yóò sọ.

Wúwú ti padà sínú abọ́. Ó ká ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sábẹ́ ikùn, ó sì ń sùn.